Ọjọ́ Tí Iná Lọ Láàárín Kátúùn

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí màmá mi mú mi lọ sí kám̀pù ìsinmi àwọn ọmọdé ní Magodo. Télọ̀ ni màmá mi, Kétu ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, aṣọ ilé-ìwé ló sì máa ń rán jù. Oníbàárà rẹ̀ kan wà, lọ́yà ni, inú ẹsítéètì ní Magodo ló ń gbé. Òun ló ń darí kám̀pù náà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gbogbo ìgbà tó bá wá gba aṣọ ló máa ń bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọ àdúgbò á yí mi ká, tí màá máa pàlọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, ọmọ yín lẹ́nu o. Ẹ jẹ́ kó wá sí kám̀pù wa nísinmi yìí." Màmá mi wò mí. Mo ti ń mi orí kí wọ́n tó bi mí.

Òótọ́ ni, mo mọ ìtàn sọ. Ìlú wa lápá Òkè-Ògùn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, kí wọ́n tó mú mi wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn nìkan ni mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀. Nílé wa, a kì í pe "ṣ". "Sọ́ọ̀bù" ni ṣọ́ọ̀bù, "isu" ni iṣu. Ní Kétu kò sẹ́ni tó kà á sí, nítorí ìdajì àdúgbò wa ló ti apá ibẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kám̀pù, Aunty tó ń kọ́ wa ní kí kálukú dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Nígbà tó kàn mí, mo dìde pẹ̀lú kaba tuntun tí màmá mi rán fún mi, mo pe orúkọ mi ketekete, mo ní, "Ráìsì àti síkìn."

Gbọ̀ngàn náà dàrú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín títí àwọn kan fi orí lé tábìlì. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi kúrò nílẹ̀. Síkìn ni mo ń jẹ́.

Ọmọbìnrin kan ni olórí wọn. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, ó ga, ó máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ mèremère sí ìdí irun rẹ̀, ọdọọdún ló sì ń wá sí kám̀pù náà. Ní gbogbo ìgbà oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń kó àwọn yòókù jọ síwájú mi.

"Say shoe."

"Súù."

"Say church."

"Sọ́ọ̀sì."

Wọ́n á ṣubú lura wọn. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa èmi náà lẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ sọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, tí mo sì mọ̀ pé "Ẹ jọ̀ọ́, sé omi wà?" ni yóò jáde, màá kúkú dákẹ́. Èmi tí wọ́n pè wá nítorí ẹnu, mo ń ti ibẹ̀ dé nírọ̀lẹ́ láìsọ gbólóhùn márùn-ún.

Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń rán kọ́là mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Kí ló se ẹ́? Sé wọ́n nà ẹ́ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, màmá."

"Kí ni wọ́n wá se?"

Mo sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ òwú kúrò lọ́rùn, ó ní òun ń bá mi lọ lọ́la, òun á bá lọ́yà sọ ọ́, ọmọ tó bá sì ń dán an wò, ìyá rẹ̀ ni yóò wá bẹ òun. Mo mọ̀ pé yóò ṣe é. Mo tún mọ̀ pé bó bá ṣe é, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó bá sọ ni wọ́n máa fi ṣe eré tuntun.

"Ẹ má wá, màmá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó wò mí dáadáa. "Ó dáa. Sùgbọ́n má gbé ẹnu ẹ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kọ́ ni mo fún ẹ, Ọlọ́run ló fún ẹ."

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni kátúùn náà dé. Ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ń polówó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi, eré gígùn kan fún àwọn ọmọdé. Aunty gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, ó kó gbogbo wa jókòó sórí ẹní. Kám̀pù ni ìtàn náà dá lé. Àwọn ẹranko ni wọ́n pàgọ́ sẹ́bàá odò ńlá kan. Ajá kékeré kan wà láàárín wọn tí etí rẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Ológbò ńlá kan sì wà tó sọ ọ́ ní Aṣọ Ìnulẹ̀. Ológbò á tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ń jẹun. Ó ju báàgì rẹ̀ sódò. Àwọn ẹranko yòókù ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò wo ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé, "Síkìn, see your brother." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí eré ti ń gbóná. Ológbò ń sáré tete lórí afárá onípákó tó gba orí odò kọjá, ó gbé fìlà ajá lọ́wọ́, ajá ń lé e bọ̀. Pákó kan dún kẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́. Ológbò já bọ́, ó fi èékánná méjì rọ̀ mọ́ etí afárá.

Iná lọ.

Igbe tí a ké, ó dájú pé wọ́n gbọ́ ọ dé géètì ẹsítéètì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Ó fà á, ó wúkọ́. Ó tún un fà, ó wúkọ́, ó dákẹ́.

"Aunty, do something!" ọmọbìnrin onílẹ̀kẹ̀ yìí pariwo.

"Kí n wọ inú tẹlifíṣọ̀n lọ ni?" Aunty dá a lóhùn.

Mo bá ara mi lórí ìdúró. "Aunty, mo lè parí ẹ̀."

"Síkìn fẹ́ parí ẹ̀!" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

"Bọ́ síwájú," Aunty ní.

Mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Mi ò mú un láti ibi tó dé. Mo padà sórí afárá, mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó ń sá lórí pákó, mo jẹ́ kí pákó tún ṣẹ́. Ológbò ń mì dirodiro. Ohùn imú ni mo fún ológbò, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì Magodo: "Help me! Somebody, please!" Nígbà tó kan ajá, mo fún un ní ohùn ilé wa, gẹ́gẹ́ bí ìyá bàbá mi ṣe ń sọ ọ́.

"Sé èmi lò ń pè?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán.

"Yes, you! Gbà mí!"

"Ta ni èmi? Kí lorúkọ mi?"

"Asọ Ìnulẹ̀!"

"Ìyẹn kọ́ lorúkọ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọkùnrin kékeré kan tó jókòó níwájú fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Ó máa já sómi o!"

"Ológbò kò mọ orúkọ náà," mo ní. "Ó bi àwọn tó wà létí odò. Ehoro kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló ti bá a jẹun, gbogbo wọn ló ti bá a sùn nínú àgọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èékánná kan yọ. Ajá ní, 'Ó dáa, màá sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá sọ ọ́, kí ẹ gbọ́ ọ o.'"

Mo sì pe orúkọ. Orúkọ ara mi ni mo fún ajá náà. Mo fi gbogbo agbára mi pè é, ó lọ kan ògiri gbọ̀ngàn, ó padà wá bá mi.

"Ológbò pè é. Bó se pè é tán ni ajá dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, ó na etí rẹ̀ gígùn méjèèjì sísàlẹ̀ bí okùn. Ológbò dì wọ́n mú. Ajá fà, ó fà, ó fà..."

"Fà á!" ọmọ kékeré yẹn pariwo. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí ẹní ti ń fà pẹ̀lú mi. Nígbà tí ológbò gòkè, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n rí i lójúkojú.

"Ṣé orúkọ tìẹ kọ́ nìyẹn?" ọmọ kékeré bi mí.

"Orúkọ mi ni."

Nígbà tí mọ́tò ń wá gbé wọn, ọmọbìnrin onílẹ̀kẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó káwọ́ gbera.

"Nínú ti gidi, the cat won't say it."

"Nínú tèmi, ó sọ ọ́."

"Tí ò bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Á já sódò."

Ó wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ó wá pe orúkọ mi, ṣùgbọ́n ó fà á lulẹ̀ bí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Mo tún un pè fún un. Ó tún un gbìyànjú. Mo ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ohùn gbọ́dọ̀ gòkè níbi tó parí sí. Ìgbà tó pè é tó tọ́ ni mo tó bọ́ sọ́nà.

A kò di ọ̀rẹ́ o. Tábìlì tirẹ̀ ló ń jókòó sí, èmi náà ń jókòó sí tèmi, tó ti kún fún èrò. Ṣùgbọ́n "say shoe" parí. Ọmọkùnrin kan tàbí méjì ṣì ń pè mí ní Síkìn, mo sì ń dá wọn lóhùn bó bá wù mí. Nígbà tí wọ́n tún fi kátúùn náà hàn, iná kò lọ, a rí òpin rẹ̀. Àgbà kìnnìún kan tó ni kám̀pù ló yọ sí wọn, ó gbé ológbò jáde, ó bá a wí, gbogbo wọn sì kọrin.

"Kìnnìún wo? Níbo ló ti wá?" ẹnì kan ní.

"Tiẹ̀ dùn ju èyí lọ," ọmọ kékeré sọ, ó ń nàka sí mi. Mo kàn ń jẹ ẹ̀pà mi lọ.

Lọ́jọ́ tí kám̀pù parí, Aunty ní kí n sọ ìtàn mìíràn fún àwọn òbí. Mo sọ ọ́, mi ò yọ "s" kan kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ ìkókó kan ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, kò jẹ́ kó gbọ́ àárín. Bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì Kétu báyìí, ó gbé báàgì rẹ̀ sí itan, ó kọjú sí mi.

"Ó yá, tún un sọ. Sọ ọ́ sókè, kí n gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di pé a sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ ti pa rédíò rẹ̀.