Òróró Inú Bàlúù Ọkọ Mi

Bàlúù kékeré tí ọkọ mi ń fi rìmóòtù darí kì í balẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ forí sọ igi, síbẹ̀ èéfín ló ní ó kù. Ó fẹ́ kó máa tú èéfín funfun lójú ọ̀run. Ó so agolo kan mọ́ ọn nídìí, ó fi wáyà bátìrì sí i tí yóò máa mú òróró gbóná. Òróró wo? Ti ìdáná mi ni.

A gbé e lọ sí pápá kan ní Idasen lásìkò ọyẹ́. Bàlúù gbéra, èéfín sì jáde lóòótọ́. Kò tíì yípo lẹ́ẹ̀mejì tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sáré bọ̀ láti oko kòkó, ẹ̀ka igi eléwé tútù lọ́wọ́ kálukú, nítorí ẹni tó bá rí èéfín lásìkò ọyẹ́ kì í béèrè kó tó lọ pa iná.

Bàbá àgbàlagbà tó ṣíwájú wọn wòkè, ó fimú fa afẹ́fẹ́, ó ju ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, a ti sáré débí. Bù fún wa nínú àkàrà tí ẹ ń dín."

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọdọ̀ dé pápá yẹn láìgbé àkàrà dání. Òróró nìkan ni ọkọ mi ń kó ní ìdáná mi tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti kan ẹ̀wà.