Àyà Ni Mo Pọn Ọpẹ́ Sí

Ìyàwó ọmọ mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé mi l'Ómù-Àrán nígbà tó dá ọ̀bẹ dúró. "Màmá, omi ń dà lára mi, kì í sì í ṣe ìtọ̀." Oyún oṣù méje péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tèmi. Láyé ọjọ́ wa, ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí abiyamọ padà sí yàrá ọkọ rẹ̀ títí ọmọ á fi lè mú igi lé adìẹ nídìí àgbàdo. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n mo ń kánjú àtirí ọmọ-ọmọ. Oṣù márùn-ún ni Ṣọlá, àkọ́bí wọn, nígbà tí mo ní kí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi láti Ìlọrin, kí àwọn òbí rẹ̀ lè ráyè bí èkejì. Àwọn náà gbà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí oyún fi dé. Mo jó.

Ọjọ́ tí omi yẹn dà náà ló bí Ọpẹ́ nílé ìwòsàn. Kò tóbi ju ẹyẹlé lọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni wọ́n ń pè é: ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Dókítà ní ilé-ọmọ tí kò sinmi tó wà lára ohun tó ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè búra pé òun nìkan ni. Ó ní kí oyún mìíràn tó dé, kí ọmọ ọwọ́ ti tó ọmọ ọdún méjì. Mo dorí kodò.

Ọjọ́ mẹ́fà la fi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Rọ́bà tín-ín-rín wà nímú ọmọ. Bó bá gbàgbé láti mí, nọ́ọ̀sì á fìka ta á látẹ́lẹsẹ̀. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò bínú sí i.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n ní kí a máa gbé e mọ́ra, kí ara wa lè mú un móoru. Mo gbé ọ̀já, mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ̀yìn kọ́, àyà ni."

"Àyà? Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ ọ̀bọ ni?"

"Ọ̀bọ gbọ́n jù wá lọ, Màmá. Ẹ bọ́ bùbá yín."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi àti òun gbà á lọ́wọ́ ara wa, awọ kan awọ, títí ó fi mọ ọmú fà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fà á, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, tọkọtaya náà ti gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mi ò dá sí i.

Ara ẹni àádọ́rin ọdún tí mo rò pé ó ti parí iṣẹ́, kò mọ̀ pé ooru tí ẹlòmíràn máa fi yè ṣì kù nínú òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi gbé Ọpẹ́ wá kí mi, mo sì sá àgbàdo sójú oòrùn. Ó mú igi, ó lé gbogbo adìẹ mi dé ìdí máńgòrò. Mo sáré pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Dàpọ̀, ó ti lé adìẹ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwa ò tíì ṣetán o."

"Èmi ò bi ọ́. Mo kàn ní ó ti lé adìẹ."