Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ọkọ̀ Kọkànlélógójì

Láti ọdún méjìlélógún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń wa tíráàmù, ọkọ̀ èrò orí irin tó ń rìn láàárín ìlú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ń rọbí. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ rẹ̀ ló kú. Èmi àbúrò rẹ̀, tí mò ń tún iná àti wáyà àwọn ọkọ̀ náà ṣe nínú ọgbà kan náà, mo máa ń pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kì í rọbí, ẹnikẹ́ni kì í sì í kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Aago, tí wọ́n ń pe èmi ní Àbúrò Aago, bí ẹni pé wọn ò sọ mí lórúkọ nílé.

Òun ló máa ń gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Obìnrin kúkurú ni, tìmùtìmù méjì ló ń jókòó lé kó tó lè rí iwájú. Aṣọ kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó fi ń nu gíláàsì, torí kò gbà pé ẹlòmíì mọ gíláàsì nù. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọn a máa jẹ búrẹ́dì, wọn a máa ṣòfófó. Ẹ̀gbọ́n mi á kí wọn, á kọjá lọ. Wọ́n ní ó ń gbéra ga. Irọ́ ni, kò kàn lè fara da àsọjù ni, èmi tí wọ́n bí lé e sì mọ ohun tí ojú mi ti rí nípa ìyẹn.

Láìnì kẹta ni tirẹ̀. Irin náà gba iwájú ilé ẹ̀kọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ báǹkì, títí dé oríta ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tó ti pín sí méjì: òsì ń lọ sí ọsibítù, ọ̀tún ń lọ sí àwọn ilé tuntun. Tíráàmù ò ní ìdarí tí wọ́n ń yí bíi ti mọ́tò. Bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú awakọ̀, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, èyí tó bá sì tẹ̀ kó tó dé oríta ni irin á yí sí. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ òsì.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá àgbà tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, wọ́n da gbogbo láìnì rú bí ẹni da káàdì. Láìnì kẹta di ti ilé tuntun. Láìnì keje gba ọsibítù. Èyí tó jẹ́ pupa tẹ́lẹ̀ di aláwọ̀ ewé, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé ò sí mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wọ ọkọ̀ láàárọ̀ pé òun ń lọ kí àna òun, ó yí ìlú po títí di ọ̀sán, ó sì padà sílé láì fojú kan àna. Nǹkan rú gbogbo wa lójú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó mọ́ wa lára.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó èrò bí ogójì, ó sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Tíráàmù wa kì í fẹ̀yìn rìn. Bó bá ti ṣìnà, àfi kó lọ dé òpin kó tó lè yí padà, gbogbo èrò á sì máa bú awakọ̀ lọ, wọn á máa bú u bọ̀. Òfin ni pé awakọ̀ tó bá ṣìnà gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì gba ọkọ̀, kí òun lọ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ ní ìlà méjì: “Mo tẹ ọ̀tún. Ọkọ̀ lọ sí òsì.”

Ọ̀gá àwọn awakọ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá Aago, ọwọ́ yín ló ti mọ́ òsì lára. Ẹ má da ara yín láàmú.”

Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ ọ̀tún, ó lọ sí ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, kò ṣìnà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ méjì tún kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọsibítù. Ká ní ojoojúmọ́ ló ń ṣì í ni, ìbá yé wa. Ẹni tó ń ṣe nǹkan dáadáa lónìí, tó tún bà á jẹ́ lọ́la láì mọ ìgbà tó bà á jẹ́, kí lèèyàn fẹ́ pe ìyẹn? Òpó iná kan wà ní oríta tó yẹ kó máa fi hàn awakọ̀ ibi tí irin yí sí, àmọ́ wọn ò tíì so wáyà mọ́ ọn, nínú ọ̀rá ló ṣì wà. Ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ débi téèyàn á fi lè fojú rí irin fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù, kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ìyá wa, kí wọ́n tó kú, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń ṣí tí wọ́n bá fẹ́ jáde síta. Wọ́ọ́rọ́ ló bẹ̀rẹ̀ lára tiwọn náà: ọjọ́ kan dáadáa, ọjọ́ kan rúdurùdu. Mo wá sọ ara mi di ọlọ́pàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́, mò ń wo bó ṣe ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, bóyá á fi í lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òní tiẹ̀ ti ń jẹ́ ọjọ́ wo ná?”

Ó ní, “Ọjọ́ tí wàá gba ìgbátí ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo rí i tó yọ́jú wo kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ̀gbọ́n mi yan ọ̀kan: kó fọwọ́ síwèé pé ara òun ò gbé ọkọ̀ wíwa mọ́, kí wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àbí kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè, níbi tí wọ́n á ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jiyàn. Ìyẹn ló tún dá kún ìdààmú mi, torí n kò rí ọjọ́ tí obìnrin náà ò jiyàn rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ọkọ̀ kọkànlélógójì wá bá mi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò pa dé. Mo tún ilẹ̀kùn ṣe. Mo wá ní kí n kúkú yẹ bọ́tìnnì iwájú wò, torí èmi ni mo pààrọ̀ wọn nínú ọ̀sẹ̀ tí láìnì yí padà. Mo tẹ òsì, iná wá sí wáyà ọ̀tún. Mo tẹ ọ̀tún, iná wá sí ti òsì. Mo pòṣé, mo yọ wáyà méjèèjì, mo fi wọ́n sí ipò wọn, mo dé e pa, mo nu ọwọ́. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa: tá a bá rí ohun tó bàjẹ́, ọwọ́ á ti tún un ṣe kí orí tó béèrè pé ta ló bà á jẹ́.

Ìgbà tí mo jókòó tán ni orí béèrè.

Mo rántí ọjọ́ tí mo pààrọ̀ bọ́tìnnì náà. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, mo ti orí bọ abẹ́ tábìlì awakọ̀, mo na ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni òsì awakọ̀. Mo sáré lọ wo ìwé tí wọ́n ń kọ ọkọ̀ tó jáde sí. Kì í ṣe ọkọ̀ kan náà ló ń gbé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi ṣìnà, ọkọ̀ kọkànlélógójì ló gbé jáde lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, ó ń múra àtilọ sílé. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ó ní, “Wáyà tó yí náà dà? Jẹ́ kí n rí i.”

Mo ní, “Mo ti tún un ṣe, sà.”

“Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó o tún un ṣe?”

“Èmi nìkan, sà.”

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní, “Ọmọ ìyá kan náà ni yín. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún mi: awakọ̀ mẹ́fà ló ń wa ọkọ̀ yẹn. Bí òsì bá di ọ̀tún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ló dé tí àwọn yòókù ò ṣìnà? Kí ló dé tí ẹnì kankan ò fẹjọ́ sùn?”

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Èyí tó burú jù ni pé ìbéèrè náà wọ èmi gan-an lára. Lóòótọ́, kí ló dé? Ṣé mo rí ohun tí mo rí yẹn àbí bó ṣe wù mí kó rí ni mo ṣe rí i? Àbí dáadáa ni wáyà wà tẹ́lẹ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ lónìí? Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà lọ tò sáàárín àwọn yòókù, wọ́n ti tì í pa fún àárọ̀ ọ̀la.

Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ fọwọ́ síwèé. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

Ó ní, “Ọmọ ìyá mi, o ṣeun. Má tún sọ ọ́ fún ẹlòmíì mọ́ o, wọ́n á lé ìwọ náà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òtítọ́ ni mò ń sọ.”

“Èmi náà purọ́ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Tí wọ́n bá ti sọ nǹkan nù, mo máa ń ní èmi ni mo gbé e. Ó mú kí ara tù wọ́n fún ìgbà díẹ̀.” Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù. “Jẹ́ kí n tètè gbà á, kó má di pé mo pa èrò.”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo jáde láì kí i pé ó dàárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí èmi dé ọ́fíìsì, ó ti jókòó síwájú ọ̀gá, gègé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ló bá a gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀gá ń fi ìka hàn án ibi tó máa fọwọ́ sí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, tí Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. Awakọ̀ ni, a ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín torí pé kì í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ kọkànlélógójì?”

Ọ̀gá ní, “Kí ló ṣe é?”

“Mo gbé odidi ọkọ̀ èrò lọ sí ọsibítù! Mo tẹ òsì bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láti lọ sí ọ̀tún, ó bá gbé mi lọ sí òsì.”

Ọ̀gá rọra béèrè pé kí ló dé tó fi ń tẹ òsì láti lọ sí ọ̀tún.

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, “Ṣebí bí kọkànlélógójì ṣe rí nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan, irin ń yí síbi tí n kò rán an, mo yáa tẹ ìkejì. Ẹni tó bá ń gba ọkọ̀ yẹn, a máa ń sọ fún un lórí bẹ́ǹṣì pé kó tẹ òdì.”

“Ẹ ò sì fẹjọ́ sùn?”

“Ká fẹjọ́ sùn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ fún wa ní ọkọ̀ kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ sí awakọ̀ lọ́rùn?”

Ọ̀gá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. “Màmá Aago ńkọ́? Ta ló sọ fún wọn?”

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Kò sẹ́ni tó ń fa ọkọ̀ lé Màmá Aago lọ́wọ́, sà. Àwọn ló ń gbé e jáde nínú ọgbà láàárọ̀. A rò pé wọ́n mọ̀ ni.”

Ọ̀gá fa ìwé náà kúrò níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó fi sínú dúróọ̀ tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì di gègé mú. Mo mọ̀ pé èmi ló kàn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí tó ṣèlérí fún mi, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, ara ìbá tù mí. Ṣùgbọ́n báàgì rẹ̀ ló ṣí. Ó mú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan jáde, ó nà án sí mi.

Mo ṣí i. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní déètì tirẹ̀. Lábẹ́ déètì, orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá wa, ti ọkọ rẹ̀ tó kú, ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn, orúkọ tèmi, nọ́ńbà ilé tí wọ́n bí wa sí. Lójú ewé kejì, bákan náà. Lójú ewé kẹta, bákan náà. Ojoojúmọ́ kó tó jáde nílé ló ń kọ ọ́, láì wo ti àná, kó lè mọ̀ bóyá òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé wa.

Ó ní, “Ṣé mo lè má kọ ọ́ mọ́ báyìí?”