Ìbéèrè Tí Mo Bi Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní oko wa ní Ìrẹsà, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ohun tí mi ò bá mọ̀, àfi kí n béèrè rẹ̀. Ìyá mi a ní bí mo bá dé ọ̀run, màá bi àwọn màláíkà pé ta ló rán ìyẹ́ apá wọn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí à ń hú ẹ̀pà, paramọ́lẹ̀ bu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣán lẹ́sẹ̀. Bàbá mi gbé e síwájú kẹ̀kẹ́, èmi jókòó sẹ́yìn nítorí mo ní mi ò ní í fi í sílẹ̀. Bàbá fi eré wà á dé ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sírọ̀mù la fẹ́ fún un, á pa oró ejò náà."

Èmi ni mo lanu. "Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè ní sírọ̀mù?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà fẹ́ràn ọmọdé, ó sì dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, tí wọ́n gbé e kalẹ̀, á dì, omi tó mọ́ á sì yọ sórí rẹ̀. Omi yẹn ni sírọ̀mù.

Bàbá mi dìde fùú. "Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kẹ̀? Hàráámù ni! Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná, kí n bi Àáfà."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó, níbi tí àáfà tó kọ́ ọ ní kéwú ń gbé. Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àáfà ò tilẹ̀ jẹ́ kí òun jókòó. "Ọmọ ń kú lọ, o wá ń bi mí léèrè? Ọlọ́run yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tí ìnira dé bá. Sáré padà!" Ó sáré. Nígbà tó máa fi wọlé, wọ́n ti faṣọ bo ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi ò bá mi wí rí. Ì bá tilẹ̀ bá mi wí, ì bá sàn fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ béèrè nǹkan, ńṣe ló máa ń rọra kúrò níwájú mi.

Nígbà tí mo di tíṣà ní Ọ̀yọ́, mo wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ni ín. Omi tó ń yọ nígbà tí wàrà bá dì ni wọ́n ń fi í pè, kó tó di ti ẹ̀jẹ̀. Omi wàrà! Èyí tí bàbá mi máa ń gbà mu lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ká ní nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni. Mo pa ìwé dé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ayé ti yí padà. Lóṣù tó kọjá, ní Ọjà Akẹ̀sán, ọmọbìnrin kan na ìgò kékeré sí mi. "Màmá, ẹ ra sírọ̀mù, ẹ fi para lójú, ẹ ó tún dọmọge. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Kò bi mí níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò kúkú bi àgbà ní nǹkan mọ́, fóònù lẹ̀ ń bi. Ó ń dun àwọn ẹgbẹ́ mi. Kò dùn mí. Ẹni tó bá bi fóònù léèrè, bàbá rẹ̀ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́.