Fọ́tò Tí Kò Ní Pupa Nínú

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Láwàlì. Ọdún 1961 ló dé Ajégúnlẹ̀, ó ní òun máa ṣiṣẹ́ ní èbúté Apapa. Ẹrù rírù kò bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Linus, ọmọ Ìbò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Boundary. Nígbà tí ìlú dàrú lọ́dún 1966, Linus kó ẹbí rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé Láwàlì lọ́wọ́.

"Máa lò ó. Tí mo bá dé, wàá gbé e fún mi."

Ogun jà, ogun parí, Linus kò dé. Láwàlì ń nu kámẹ́rà náà láràárọ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Òun ló fi fẹ́ Àsíátù ìyàwó rẹ̀, òun ló fi ń bọ́ Tinú ọmọ wọn.

Lọ́dún 1975, sìmẹ́ńtì kún èbúté, tírélà sì dí Creek Road pa. Ìjọba wá ri iná tráfíìkì mọ́ oríta kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń sọdá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ ya fọ́tò nídìí iná tuntun yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Friday, aláàárù kan ní èbúté, tó fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Warri.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ojú ọ̀run ṣì ṣú. Friday kẹ̀yìn sí iná, ó rẹ́rìn-ín. Láwàlì dúró kí iná pupa tàn, kí àwọn ọkọ̀ dúró, kí ẹ̀yìn Friday lè mọ́. Pupa tàn. Tírélà méjì dúró. Láwàlì wo ojú Friday, ó tẹ kámẹ́rà. Àfi gbàà! Mọ́tò dúdú kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà, ó sì ti gbá obìnrin kan tó ń sọdá.

Ejiro ni, ìyàwó Onoriode, aládùúgbò Láwàlì. Ó ń rán àpò nílé ìkẹ́rùsí kan. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórúnkún. Ẹni tó wa mọ́tò, ọ̀gá ńlá nílé-iṣẹ́ akẹ́rù kan, sọ fún ọlọ́pàá pé iná ti fún òun lọ́nà.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Láwàlì fọ fíìmù. Ó rí Friday tó ń rẹ́rìn-ín. Lókè orí rẹ̀, iná òkè ń tàn yòò, méjì ìsàlẹ̀ kú. Imú mọ́tò ti kọjá ìlà funfun, Ejiro sì dúró níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè.

Onoriode di fọ́tò náà mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bros, na God put you there."

"Màá bá ọ dé kọ́ọ̀tù," ni Láwàlì wí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìránṣẹ́ ọ̀gá náà fi dé ṣọ́ọ̀bù Láwàlì. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ń wá ayàfọ́tò tí yóò wà níṣẹ́ títí. Kí Láwàlì ṣáà ti sọ pé fíìmù bàjẹ́.

"Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé fíìmù tèmi kì í bàjẹ́."

Àsíátù gbọ́ látinú yàrá. "Bàbá Tinú, ẹ rọra o. Ẹni tó bá ju ni lọ, ó lè ju ni nù."

"Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ."

Ó kó fọ́tò àti négétíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó gbé kámẹ́rà náà wá, pé ẹ̀rí ni. Ó gbé e lọ.

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà ọ̀gá náà gbé fọ́tò sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì, àwọ̀ wo ni iná tó wà nínú fọ́tò yìí?"

"Pupa ni, sà."

"Mo ní nínú fọ́tò."

"Ó funfun, sà. Fíìmù dúdú àti funfun ni. Ṣùgbọ́n iná òkè ló ń tàn, òkè sì ni pupa máa ń wà."

"Ṣé iná oríta yẹn ti bàjẹ́ rí?"

"Ó ti bàjẹ́ rí, sà."

"Nígbà tí ẹ tẹ kámẹ́rà, ṣé iná lẹ ń wò?"

"Mo ti rí iná kí n tó—"

"Nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Láwàlì kò mọ irọ́ pa. "Ojú Friday ni mò ń wò, sà."

Friday ti kẹ̀yìn sí iná. Àwọn awakọ̀ tírélà kò yọjú. Adájọ́ ní fọ́tò tí kò ní pupa nínú kò lè jẹ́rìí pupa, ó sì dá ọ̀gá náà sílẹ̀.

Onoriode kò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Nígbà tí Láwàlì fi máa délé, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò: wọ́n ti fowó rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tí kò lè sọ pé iná lòun ń wò? Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí kámẹ́rà. Lónìí, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí. Lọ́la, wọ́n ti gbé ẹni náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó yá, wọ́n bi í pé, "Kámẹ́rà wo?" Négétíìfù náà ti wọlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, Ejiro fi igi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó ẹrù wọn padà sí Sapele.

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ fọ́tò ọjọ́ yẹn kan."

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"A ò ya fọ́tò nígbà tá a ṣègbéyàwó. Òun nìkan ni fọ́tò tí mo ti dúró lẹ́sẹ̀ méjèèjì."

Láwàlì sọ fún un pé kò sí mọ́, pé négétíìfù pàápàá ti sọnù. Ejiro wò ó títí.

"So wetin dem talk na true," ló wí. Ó yí igi rẹ̀ padà, ó lọ.

Láwàlì ti ṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1977. Ó di mẹ́gáàdì ní ọgbà tírélà kan ní Creek Road, òun àti ẹbí rẹ̀ sì kó lọ sí Ijora. Nígbà tí Tinú fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù ìdánwò, Àsíátù mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàfọ́tò kan níbẹ̀. Láwàlì tẹ̀ lé wọn, ó dúró síta. Ayàfọ́tò náà kò mọ̀ ọ́n rí. Ó yọrí, ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ wá wò ó bóyá ìjókòó rẹ̀ dáa."

"Ẹ yà á bẹ́ẹ̀," ni Láwàlì wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò."