Bísí ní òun ra ìwé kẹ̀kẹ́ fún mi

Mo ti sùn lábẹ́ búkà ní ọjà Mile 12. Mo ti fi kẹ̀kẹ́ ológeere kó ata títí ìdí mi fi bó, kí n tó kọ́lé.

Lónìí, Bísí ọmọ mi ní: "Daddy, mo ra ìwé kẹ̀kẹ́ fún yín."

Mo yarí. "Èmi, onílé mẹ́ta! O fẹ́ sọ mí di oní-Màrúwá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwé ọkọ̀, ìwé kíkà ni o! Ti àwọn tó ń gun ológeere ṣe fàájì."

Mi ò kàwé púpọ̀, mo wo àwòrán. Bàbá kan tó hewú jù mí lọ ń rẹ́rìn-ín lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò gùn ún báyẹn rí láyé mi!

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ra ológeere tuntun, màá fi yí àdúgbò wa ní Magodo ká. Ẹni tó bá ní mo ti dàgbà jù, kó wá bá mi sáré!