Ìyàwó Wa Bọ́ Sí Kíláàsì Ọkọ Rẹ̀

Onísùúrù ni àwọn ọmọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní físíìsì. Bí wọ́n bá bi í ní ohun kan náà ní àìmọye ìgbà, á máa dá wọn lóhùn ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń gbé ilé rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ìwòsàn, ó sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Físíìsì nìkan ló dínà mọ́ ọn. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, bí ti ọdún yìí bá sì tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá iye tí wọ́n ń gbà. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bó ṣe ń fọ abọ́ ló ń kàwé, bó ṣe ń ká aṣọ ló ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, títí ara èmi náà ò fi lélẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Wọ́n ní irin bẹ́ẹ̀dì àti àga onígi tó wà nínú yàrá kan náà, bákan náà ni ìgbóná wọn. Àmọ́ mo máa ń nu méjèèjì nílé ìwòsàn láràárọ̀. Irin yẹn tutù ju igi lọ."

"Ṣé o ò kàwé ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ọmọ kékeré mọ ìyẹn! Kí ló wà níbẹ̀ tí ò yé ọ?"

Ìyàwó wa pa ìwé dé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a ti jókòó ní kíláàsì nígbà tí ìyàwó wa wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tó lọ jókòó sẹ́yìn. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí irin fi ń tutù ju igi lọ lọ́wọ́ èèyàn?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀, ó wo òkè. Gbogbo kíláàsì ń wò ó.

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn," ó ní. Díẹ̀ ló kù kí n sọ bàtà mi lù ú. "Ẹ fọwọ́ kan igi tábìlì yín. Ó yá, ẹ fọwọ́ kan irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin ò tutù ju igi lọ. Ó kàn ń yára gba ooru ọwọ́ yín lọ ni. Igi kì í yára gbà á."

"Kò tíì yé mi, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi ti lanu fún ariwo tí mo mọ̀ dáadáa. Ó gbé e mì. Ó tún un sọ, ó tún tún un sọ, títí ìyàwó wa fi dìde tó ṣàlàyé rẹ̀ padà fún gbogbo wa láìkọsẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Bá a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ tábìlì mọ́, ó fa àga méjì sún mọ́ra, ó ṣí ìwé.

"Ó yá, wá jókòó. Èwo ló kàn?"

Ìyàwó wa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè.

"Ó dọ̀la, ní kíláàsì," ó ní. "Tíṣà ni mo lè bi. Ẹ̀rù ọkọ mi ń bà mí."